Etí Òkun Tí Kò Ní Omi

Ohùn Ìyá Àgbà ló ń jí wa lọ́dún náà, kì í ṣe aago. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó kọjá nísàlẹ̀, yóò ti wà ní ilé ìdáná, yóò máa fi ìka lu ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, yóò sì máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì ní ohùn Ìjẹ̀bú tó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Òkè pátápátá ni ilé wa wà nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gíga Gascoigne, ní Barking, níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń súfèé lára fèrèsé tọ̀sán-tòru. Lífìtì ilé náà máa ń kérora kó tó gbéra, ògiri sì fẹ́lẹ́ débi pé tí aládùúgbò wa bá sín, Bàámi á dá a lóhùn láti orí àga rẹ̀. Nínú gbogbo ariwo yìí, orin Ìyá Àgbà ni mo fi ń mọ̀ pé ilé wa ni mo wà. Tí orin náà bá dúró, mo mọ̀ pé ó tó kí n dìde wá fọ àwo alẹ́ àná, torí yóò pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní tún un pè.

Ìyá tó bí bàbá mi ni Ìyá Àgbà. Etí òkun ni ìlú rẹ̀ wà, ní ìhà omi ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, apẹja sì ni bàbá rẹ̀. Ó wá bá wa láti wẹ ọmọ nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi Fúnmi, bí àwọn ìyá ọkọ ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ wíwẹ̀ parí, kò rọrùn fún wa láti yọ̀ǹda rẹ̀. Màámi ń tọ́jú yàrá àwọn aláìsàn ní ọsibítù, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jáde. Bàámi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, a kì í mọ ọjọ́ tí yóò wọlé. Ìyá Àgbà ló wá di olórí ilé, ó sì mọ ìjọba í ṣe. Tó bá rí ewùrà lọ́jà Barking, ìkọ́kọrẹ́ la ó jẹ títí a ó fi bẹ̀bẹ̀. Mọ́ínmọ́ín inú bébà fádákà ni kò lè gbà láéláé. Ó ní ó ń rùn bí ṣíbí, síbẹ̀ òun náà ló máa ń jẹ èyí tó bá ṣẹ́kù. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, àmọ́ èmi ni mò ń ṣa ẹ̀wà, èmi ni mò ń lọ sùtánà gbogbo ilé ní ọjọ́ Sátidé, ẹ̀yìn mi sì ni Fúnmi ń gbé. Mo fẹ́ràn ọmọ náà débi pé mo máa ń bínú sí ẹni tó bá gbé e tí kò bi mí léèrè.

Aládùúrà ni wá, àwọn tó ń wọ aṣọ funfun, tí kì í wọ bàtà sí i. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìyá Àgbà nílé, tí ọmọ bá ń múra àtirìn, wọ́n á gbé e lọ sí etí òkun, wọ́n á ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ omi, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ sókè, wọ́n á sì gbàdúrà sí ọ̀nà tí yóò rìn láyé. Wọ́n ṣe é fún Bàámi. Wọ́n ṣe é fún èmi náà, torí ilé ni wọ́n bí mi sí kí àwọn òbí mi tó kó wá síbí. Fúnmi nìkan ni kò rí òkun rí. Ó sì ti lé lọ́mọ ọdún kan dáadáa, ìdí ló fi ń wọ́ kiri bí ẹni tó ń nulẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀ wá wò yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ọmọ kan máa ń yá rìn ju òmíràn lọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Nọ́ọ̀sì mọ ẹsẹ̀. Kò mọ ọ̀nà.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí gbogbo wa pé nídìí oúnjẹ, ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì òun ti ń sún mọ́lé, òun yóò sì gbé Fúnmi dání. Òun yóò ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ òkun, òun yóò wá máa tọ́ ọ títí yóò fi tó ilé ìwé lọ, kí Màámi náà lè ráyè ṣiṣẹ́. Ó ní, “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.” Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọmọ ránṣẹ́ sílé nígbà náà, wọ́n sì ń dúpẹ́ pé àwọn rí ẹni bá wọn tọ́ ọ. Bàámi tẹjú mọ́ ẹ̀bà iwájú rẹ̀ bíi pé ẹ̀bà náà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Màámi ní, “Ẹ ṣeun, Mà,” ó kó àwo, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sì ṣí omi páìpù sílẹ̀ gbààà. Mo tẹ̀ lé e. Kò fọ àwo kankan. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó di etí ibi ìfọwọ́ náà mú.

Mo ní, “Mummy, do you want her to go?”

“Ìyá ọkọ mi ni, Ṣadé. Kí lo fẹ́ kí n sọ?”

“Just say no.”

“Wọn kì í sọ *no* fún Màmá.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Ó máa padà wá. *It's only a few years.*”

Mo mọ ohun tí “ó máa padà wá” ń jẹ́, torí mo mọ Tọ́lá. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ni, wọ́n fi ránṣẹ́ sílé ní kékeré, nígbà tó padà dé, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀ àgbà ní pápákọ̀ òfuurufú, ó sì ń pe ìyá tó bí i ní “Àǹtí.” Ìyá Tọ́lá máa ń fi ìyẹn pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti rí ojú rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ ọ́. Àpótí kékeré kan ti wà nídìí ilẹ̀kùn wa ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìyá Àgbà ń kó aṣọ Fúnmi sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òní ẹ̀wù òtútù, ọ̀la ìbọ̀sẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá lọ sí ilé ìwé ni mò ń fi ẹsẹ̀ gbá àpótí náà.

Bàámi ló wá rí ọ̀nà àbáyọ, ẹni tí gbogbo wa rò pé kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó ní, “Màmá, òkun wà níbí náà o.” Ìyá Àgbà bi í bóyá èyí tó gbé òun lọ níjọ́sí ló ń wí, níbi tí àwọn èèyàn ti ń jẹ áísìkirìmù ní ìhòòhò. Bàámi ní rárá, kì í ṣe Southend. Ọ̀gbẹ́ni kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ti sọ fún un nípa ilẹ̀ kan tó yọ sínú omi ní Essex, tí omi yí i ká lápá mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kì í lọ síbẹ̀, Dengie ló ń jẹ́. Ìyá Àgbà ronú sí i. Ó wá ní, “Ó dáa. Tí mo bá rí òkun gidi, tí mo ki ẹsẹ̀ ọmọ yìí bọ̀ ọ́, kó dúró tì yín. Tí mi ò bá rí i, èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ. Ẹ má sì tún bá mi sọ ọ́ mọ́.” Màámi gbójú sókè wò mí láti òdìkejì tábìlì.

A yá bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé kan nígbà tí òtútù ti ń dínkù. Gbogbo wa wọ sùtánà, a ò wọ bàtà, Ìyá Àgbà sì fi jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ Bàámi lé tirẹ̀ lórí, èyí tó ń tàn yanranyanran bí iná ọlọ́pàá. A gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo dání láti fi bu omi òkun wálé, a gbé ẹja díndín, búrẹ́dì àti ògì inú fíláàsì. Kò pẹ́ tí a kúrò ní ọ̀nà ńlá tí ilé fi tán. Pápá ló kù, pẹrẹsẹ bí ẹní tí wọ́n tẹ́, àti ojú ọ̀run tó pọ̀ ju ohun tí mo rí rí. Ọ̀nà náà ń tóóró sí i títí ó fi di pé ó kàn tán, a bọ́ sílẹ̀, a fi ẹsẹ̀ lásán rin ojú ọ̀nà oko. Ní ìparí rẹ̀ ni ilé àdúrà kékeré kan wà, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ láyé àtijọ́, ó dá dúró nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ìyá Àgbà fọwọ́ kan ògiri rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, “Àwọn kan ti gbàdúrà níbí kí a tó dé.” Ó dìde pẹ̀lú ayọ̀, ó gba Fúnmi lẹ́yìn mi, ó sì ṣáájú wa gun ebè gíga tí wọ́n mọ láti dá omi dúró.

Orí ebè náà ló dúró sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí kí n tó rí ohun tó ń wò. Kò sí òkun. Koríko omi wà, etídò tó jẹ́ kìkì ìkarahun funfun wà, lẹ́yìn ìyẹn, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ni, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ títí lọ débi tí ojú lè dé, ó ń dán, ó sì dákẹ́, àwọn ẹyẹ kéékèèké ń rìn lórí rẹ̀. Bí mo bá rántí ọjọ́ náà báyìí, ẹ̀rín ló ń pa mí. A ti lọ sùtánà, a ti dín ẹja, a ti bẹ ṣọ́ọ̀ṣì fún bọ́ọ̀sì, kò sí ẹnìkan nínú wa tó ronú pé ó yẹ kí a béèrè ìgbà tí òkun máa ń wà nílé. Ta ni yóò béèrè? Nílé, òkun a máa sún díẹ̀, a máa bọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í kó ẹrù. Lọ́jọ́ náà, kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Mo ń wo pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ náà, àpótí ìdí ilẹ̀kùn ni mò ń rí.

Ìyá Àgbà ò pariwo. Ó kàn wo Bàámi, ó ní, “Jídé, òkun yìí ti rí wa, ó sì ti sá.” Ó yí padà. “Ọlọ́run ti dáhùn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Ìyá òyìnbó kan ń kọjá lọ lórí ebè pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ó wo àwa aláṣọ funfun márùn-ún tí a ò wọ bàtà, ajá náà wò wá, àwọn méjèèjì sì ṣe bíi pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí irú wa. Mo sá lọ bá a, mo bi í ibi tí òkun lọ. Ó ní ó ti fà sẹ́yìn ni, yóò padà wá kí ọjọ́ tó rọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe bọ́ sínú ẹrẹ̀ yẹn o. Mo sáré padà wá túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà mi orí. “Ẹni tó lọ tó ní òun ń bọ̀,” ó ní, “èèyàn mélòó ló rí i kó bọ̀?” Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Bàámi náà ti gbé kẹ́ẹ̀gì.

Nígbà náà ni Màámi gba Fúnmi lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló gbà á, bí ẹni tó fẹ́ bá àgbà gbé ẹrù. Ó gba apá kejì sọ̀ kalẹ̀ sí etídò, ó sì jókòó sórí ìkarahun pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀.

“Ìyá Ṣadé, ó yá jàre,” Bàámi pè é. “Wọ́n máa lo bọ́ọ̀sì yẹn *for evening service* o.”

“Ẹ máa lọ, Bàbá Ṣadé. Èmi àti ọmọ mi ń dúró de òkun.”

“Ìyàwó,” Ìyá Àgbà ní, “ta lò ń bá wí?”

“Màmá, ẹ má bínú. Mi ò bá yín wí.” Màámi kò dìde. “Ẹ ní tí ẹ bá rí òkun. Ẹ ò sọ pé ó gbọ́dọ̀ ti jókòó dè wá. Mi ò fẹ́ kí Fúnmi lọ, Mà. Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ ọ́ ni mi ò ti fẹ́. Ẹ̀rù yín ló bà mí tí mo fi ní ẹ ṣeun.”

Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú ilé wa. Bàámi wo ojú ọ̀run. Ìyá Àgbà dúró lórí ebè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pápápá, mo sì ń retí kí ó sọ ọ̀rọ̀ tí yóò fọ́ ilé wa. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ títí. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ibi tí ìkarahun kò ti mú, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà, ó fi bo Màámi àti Fúnmi, ó jókòó tì wọ́n. “Ṣadé,” ó ní, “gbé ẹja wá. Ẹni tó ń dúró de àlejò kì í fi ebi dúró.”

A jẹun. A dúró. Ìyá Àgbà sọ fún Màámi bí bàbá òun ṣe máa ń pẹ́ lójú omi, tí ìyá òun á dúró sétí òkun pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á wálé. Màámi ní òun ò gbọ́ ìyẹn rí. Ìyá Àgbà ní kò sí ẹni tó bi òun. Láti ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé, mo rò pé ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ọbẹ̀ tàbí ti ọmọ. Nígbà tó yá, Fúnmi sùn, Bàámi náà sùn, ó ń hanrun mọ́ kẹ́ẹ̀gì. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Àwọn ẹyẹ tó wà lọ́nà jíjìn gbéra, wọ́n fò wá sí apá ọ̀dọ̀ wa, wọ́n bà, wọ́n tún gbéra. Lẹ́yìn wọn ni nǹkan kan ń tàn. Kò wá pẹ̀lú ìgbì, kò pariwo. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà, inú àwọn ojú ọ̀nà tóóró tó wà nínú ẹrẹ̀ ló ń wọ́ gbà, ìró rẹ̀ sì dà bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná nínú agbada. Mo pariwo, “It's coming! Ìyá Àgbà, ó ń bọ̀!”

Ó dìde. Omi ń bọ̀, ó bo pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ó bo ẹsẹ̀ koríko, kò dúró títí ó fi dé orí ìkarahun, ó sì fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Mo rí i tí ó ń sunkún, kò sì fi pa mọ́. Ó ní, “Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, èmi ni mò ń lọ bá òkun. Kò wá bá mi rí.”

Ó gba Fúnmi, ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ omi. Omi yẹn tutù bí yìnyín. Ọmọ náà jí, ó figbe ta, ó sì ta Bàámi nípàá láyà débi tí Bàámi fi ní, “Màmá, ẹsẹ̀ tí ẹ ní kò lágbára nìyí o!” Ìyá Àgbà di ẹsẹ̀ náà mú ṣinṣin. Ó gbé ohùn sókè, ohùn tó ń jí wa láàárọ̀, “Olúfúnmiláyọ̀! Ọlọ́run tó ni òkun ilé ló ni ti ibí. Ọ̀nà ẹ ò ní dí. Ibi tóo bá lọ, wàá bọ̀.” A ṣe àmín. Ìyá òyìnbó alájá náà ti padà dé orí ebè, òun náà ṣe nǹkan tó jọ àmín. Ìyá Àgbà fi etí sùtánà rẹ̀ nu ẹsẹ̀ ọmọ náà gbẹ, ìka kọ̀ọ̀kan, ó sì yí sí Màámi. “Ìyá Ṣadé,” ó ní, “gba ọmọ ẹ.”

Nígbà tí a délé, kò tíì bọ́ sùtánà tó fi ṣí àpótí ìdí ilẹ̀kùn. Òun fúnra rẹ̀ ló kó aṣọ Fúnmi jáde, tó tò wọ́n padà sí ibi tí wọ́n wà, ó sì kó ìkarahun Dengie sínú àpótí náà fún ara rẹ̀. Ilé ìdáná ni Fúnmi ti wá rìn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, kì í ṣe nítorí àdúrà ẹnikẹ́ni, ẹran díndín ló rí. Ìyá Àgbà ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ tó ń lọ, ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sìn ín dé ẹnu lífìtì. Lífìtì kérora, ó sì gbé Ìyá Àgbà lọ. Ó tún wá bẹ̀ wá wò nígbà tó yá, kó tó di pé ó lọ sinmi ní etí omi rẹ̀.

Wọ́n ti wó ilé gíga wa. Ilé tuntun ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, ó lẹ́wà, ògiri rẹ̀ sì nípọn. Fúnmi ti fẹ́ Wálé, ọmọ Ìbàdàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti wá tọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n ti bí ọkùnrin, ọmọ náà sì ń wọ́ ìdí kiri bí ìyá rẹ̀. Nígbà tí a ń múra láti gbé e lọ sí Dengie lọ́dún yìí, Fúnmi ti wo àkókò tí omi yóò kún lórí fóònù rẹ̀. Màámi ní kó gbé fóònù kalẹ̀, pé a gbọ́dọ̀ débẹ̀ nígbà tí òkun bá ti lọ. A débẹ̀. Wálé gun orí ebè pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ó wo pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ náà lọ, ó wò ó bọ̀, ó wá yí sí wa pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ. “Ẹ̀yin Màmá,” ó ní, “òkun dà?”

Màámi ti jókòó sórí ìkarahun, ó ti ń tú ìdì ẹja. “Jókòó, ọmọ mi,” ó ní. “Ó ń bọ̀.”